Ọ̀rẹ́ wa fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì: ṣé ká ṣì máa ṣe yẹ̀yẹ́, oúnjẹ wo la sì lè gbé lọ?

Ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó ti tó ogún ọdún. Ọ̀kan nínú wa, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Àwẹ̀ró, dókítà ti fún un ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì, ìyẹn àwọn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, níbí ní Ìbàdàn. Inú rẹ̀ ti yọ bíi ti aláboyún oṣù márùn-ún. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, ọjọ́ mẹ́wàá ló ń lò, ẹ̀jẹ̀ á máa dà bí omi ẹ̀rọ. Oṣù méjì ló ti fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ kí PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, lè gòkè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Yẹ̀yẹ́ la fi ń gbé ayé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ mi kejì, Àwẹ̀ró yìí ló jókòó tì mí, tó ń sín ìrìn dókítà àgbà jẹ títí ìyá ọkọ mi fi bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a wà nílé rẹ̀, mo bá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, mo ní, "Ọjọ́ wo la ń jẹ ìkómọ ọ̀gbẹ́ni yìí? Kí n tètè ra aṣọ ẹbí." Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, ó wọ balùwẹ̀ lọ, kò tètè jáde. Nígbà tó máa jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò tíì bímọ o. Ọdún kẹsàn-án tó ṣègbéyàwó rèé.

Láti ọjọ́ náà ni ahọ́n mi ti wúwo. Tí n bá fẹ́ kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, á wá dà bíi pé ọ̀gá báńkì ni mò ń kọ̀wé sí: "Báwo ni ara? Ó dáa. Ọlọ́run á ṣe é." Màmá rẹ̀ náà ti kìlọ̀ pé ká yé fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ṣeré. Ṣé ká kúkú dákẹ́ ni? Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà tún wà níbẹ̀. Ẹnì kejì wa ti ra odindi adìyẹ méjì, ó ní jọ̀lọ́ọ̀fù lòun máa gbé dé wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an. Ẹ là mí lóye.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Má fi fóònù bẹ̀ ẹ́ o, fẹsẹ̀ rẹ lọ. Obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, ikùn rẹ̀ kì í ṣe ibi tá a ti ń dá ọ̀rọ̀ ìkómọ sílẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ sún mọ́ra tó. Tó bá fẹnu ara rẹ̀ dá a sílẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, kí ẹ bá a gbè é.

Ṣùgbọ́n má dákẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín. Ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ, ṣe yẹ̀yẹ́ dókítà, ṣe yẹ̀yẹ́ aláàdìyẹ méjì yẹn. Kò sí ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù tó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwàdà ṣàdédé di ẹni jẹ́ẹ́jẹ́. Á ní àbí nǹkan wà tí dókítà sọ fún wọn tí kò sọ fún òun.

Alhaji Onípákó:
Èmi, ìpá ni wọ́n ṣe fún mi. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ṣọ́ọ̀bù pákó gbé ọpọ́n ayò wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ti fi ọkàn ìyàwó mi balẹ̀, pé òun ti bi dókítà, wọ́n ní gbogbo irinṣẹ́ ṣì pé. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ké pe Ọlọ́run! Nọ́ọ̀sì lé wọn jáde, tọpọ́n tọmọ ayò. Ọmọ ayò mẹ́ta yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá kan, bàbá náà ká a mọ́wọ́, ó lóun ò ní dá a padà àfi tí wọ́n bá mú òun náà mọ́ eré.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò lè gbàgbé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló wá, nígbà tí gbogbo ayé ti gbàgbé pé ara mi ò tíì yá. Ó gbé ẹ̀fọ́ rírò dání, ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi to pákó sínú ọkọ̀ oníbàárà nítorí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Ẹ má jẹ gbogbo ọ̀rẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin:
Ẹ kó adìyẹ padà sínú fíríìsà.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kò sí oúnjẹ. Ó kéré tán, oúnjẹ líle gbọ́dọ̀ ti pé wákàtí 6 nínú èèyàn kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló sì máa ń ní kó má fẹnu kan nǹkan kan láti aago 12 òru. Ẹni tí oògùn bá gbé lọ kò lè dáàbò bo ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́. Tí oúnjẹ bá wà nínú rẹ̀, ó lè padà sókè kó sì gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mo ti rí aláìsàn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ́ mọ́ínmọ́ín fún láàárọ̀, ó ní ebi á pa á. Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n padà ṣiṣẹ́ abẹ náà.

Tí wọ́n bá ṣe é tán, ìfun náà máa ń sùn fúngbà díẹ̀. Ohun tí a fi ń mọ̀ pé ó ti jí ni kéèyàn só. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní wọ́ọ̀dù wa, ìsó ni ìròyìn ayọ̀. Dókítà á dúró lórí ìyá ọlọ́lá, ìyá oníléńlá, á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti só?" Màmá á ní rárá, bíi pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Àwọn dókítà míì ò dúró de ìyẹn mọ́, wọ́n á ní kó tètè máa fá omi mu díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ògì tó ṣàn, lẹ́yìn ògì omi ọbẹ̀ adìyẹ tí kò ta. Ẹ̀wà àti ẹlẹ́rìndòdò ṣì ń dúró níta, wọ́n á kún un níkùn. Tó bá ti ń jẹun dáadáa, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ̀dọ̀ màlúù, kó fi ọsàn tẹ̀ lé e, torí ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀fọ́. Ìbẹ́pẹ pẹ̀lú. Oògùn ìrora a máa dí èèyàn nídìí, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rán níkùn kò yẹ lẹ́ni tó ń fi agbára yàgbẹ́.

Ẹ̀rín ńkọ́? Ẹ̀rín á dùn ún lójú ọgbẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ mú ìrọ̀rí kékeré kan dání, kó máa fi tẹ ibi tí wọ́n rán tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, tó bá fẹ́ wúkọ́, tó bá fẹ́ sín. Kó sì tètè máa dìde rìn bí wọ́n bá ti gbà fún un, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹ bá mi wo èékánná rẹ̀ náà. Kó yọ èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn, kó nu ọ̀dà kúrò, kó ṣí irun ojú àlẹ̀mọ́ yẹn. A máa ń fi ẹ̀rọ kan há ìka láti mọ bí atẹ́gùn ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dà èékánná sì lè mú un purọ́. Tó bá ti ń mu àgbo, kó sọ fún dókítà kí ọjọ́ tó pé. Àwọn egbòogi kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Ẹ̀gbọ́n Aládùúrà:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀bẹ kì í ṣe ohun àwàdà. Ẹ wólẹ̀. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí òun náà bá yín gbà á.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin:
Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ̀yin àtàwọn méjì yòókù gbà á. PCV tirẹ̀ ò gba ààwẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìlú Ọba:
Tèmi kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, ayẹ̀wò ìfun ni, èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà orí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí wo inú èèyàn. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ní kí n máa jẹ ìrẹsì funfun, búrẹ́dì funfun, kò sẹ́fọ̀ọ́, kò sẹ́wà. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Adó-Èkìtì ní, "O ti di ọmọ Ọbàtálá nìyẹn. Ó ku aṣọ àlà." Lóru tí mo mu oògùn tó ń fọ ìfun, ó wà lórí fóònù, ó ń bá mi ka iye ìgbà tí mo sáré wọlé: "Ìkẹsàn-án! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sáré.

Níbí, tí wọ́n bá fún èèyàn ní oògùn oorun, wọn ò ní jẹ́ kó dá lọ sílé. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wá mú un, kó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi yìí náà ló wá, tòun ti kúlà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Mo jẹ mẹ́rin.

Ọkọ Tó Sùn ní Kọ́rídọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi, kúlà mẹ́rin ló wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun ò sì lè fẹnu kan ẹyọ kan. Èmi tí mò ń sùn lórí ẹní ní kọ́rídọ̀, tí mò ń sáré láti láàbù dé ilé oògùn, láti ilé oògùn dé ọ̀dọ̀ akápò, ta ló bi mí bóyá mo ti jẹun? Àfi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kàn ki ṣíbí bọ̀ mí lọ́wọ́, tó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹun." Jọ̀lọ́ọ̀fù adìyẹ yẹn, màmá Àwẹ̀ró ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ìyá tó bá yó kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí àwàdà.

Ẹ sì lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Páìntì méjì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ má dúró dọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó máa wá ẹni tó máa fún un kiri.

Ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ pàápàá, ó ní kí n dìde kí n má fi orúnkún ba kápẹ́ẹ̀tì òun jẹ́. Ó wá sọ pé ọ̀rọ̀ ìkómọ yẹn dun òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ń kọ "báwo ni ara" ló dun òun jù. Ó ti ṣòfin: ikùn òun, òun nìkan ló lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo nǹkan yòókù, ọjà ọ̀fẹ́ ni.

A ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó máa fún un gbọ́dọ̀ tó 50 kílò. Ìyá Adìyẹ wa tó 94, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun tó pín fún gbogbo Ọ̀yọ́. Bó ṣe fojú kan abẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ dúró ná, kí n pe pásítọ̀ mi." Àwẹ̀ró ní ká pe òun lórí fídíò kóun lè wò ó. Ó wò ó. Ó fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ títí di àkókò yìí.

Ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró (Ọjọ́rú, alẹ́):
Ẹ bá wa dúpẹ́. Wọ́n ti ṣe é tán. Mọ́kànlá ni wọ́n yọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá díẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Mọ́kànlá? Mo ru odindi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kiri láìgba kọ́bọ̀." Ìrọ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú itan adìyẹ lẹ́nu. Wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ páìntì kan, ó ní tí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra adìyẹ méjìméjì, ká mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún.

Ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró (Ọjọ́bọ̀):
Kò tíì só o. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ebi ń pa á. Dókítà rẹ̀ jẹ́ lára àwọn tó ń dúró de ìsó.

Alhaji Onípákó:
Kó tún rìn sí i. À ń retí.

Ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró (Ọjọ́ Ẹtì, aago 5:40 àárọ̀):
Fóònù ló jí mi. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Mo ti só." Màmá rẹ̀ fi ohùn tẹ̀ lé e, orin ọpẹ́ ni wọ́n ń kọ, mò ń gbọ́ ohùn àwọn aláìsàn yòókù tó ń gbè é. Ìyá Adìyẹ ti dáná.

Ẹ̀gbọ́n Aládùúrà:
Halelúyà!!!

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Obìnrin:
Ẹ kú oríire. Ògì ni o. Ẹ ní kó pa iná adìyẹ yẹn.