Ẹ má jẹ́ ká pe mutation ní "àléébù" o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka lísítì tí bọ̀dá wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tán, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ ká máa fi túmọ̀ ìlànà àwọn jọ́nà jẹ̀nẹ́tíìkì (àwọn ìwé tó ń gbé ìwádìí nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí jáde), ìyẹn irú pépà tí wọ́n ń gbà, èyí tí wọn kì í gbà, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tí wọ́n ń ṣe tí àṣìṣe bá yọjú lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ ṣé gan-an. "Àyẹ̀wò ojúgbà" fún peer review, ìyẹn kí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé yẹ pépà ẹ̀ wò, mo fara mọ́ ọn. "Ààlà" fún scope náà dáa, àǹtí wa tó ní ká lo "ìbú" dípò ẹ̀, ẹ má bínú, ìbú kì í dá ẹnikẹ́ni padà, ààlà ló ń dáni padà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí scope ń ṣe gan-an nìyẹn: ẹ́dítọ̀ á wo pépà, tó bá rí i pé ó ti kọjá ohun tí jọ́nà yẹn ń gbà, á dá a padà láì tíì fi han olùyẹ̀wò kankan.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín fà á ni "àbùdá" fún gene, ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lára òbí. Lẹ́nu gbogbo wa, àbùdá ni ohun tí a rí lára nǹkan, bó ṣe rí, bó ṣe ń ṣe. Wilhelm Johannsen, ará Denmark tó mú ọ̀rọ̀ gene wá lọ́dún 1909, òun náà ló mú genotype àti phenotype wá, torí ó fẹ́ ya ohun tó wà nínú (genotype) kúrò lára ohun tó hàn síta (phenotype). Tí gene bá wá di àbùdá, kí la fẹ́ pe phenotype? Ibi tí ìlànà bá ti ní kí òǹkọ̀wé fi hàn pé gene báyìí ló fa ohun tí wọ́n rí lára eku tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, á di pé àbùdá ló fa àbùdá, ta ló máa mọ èyí tí wọ́n ń sọ? Ẹ jẹ́ kí jíìnì jẹ́ jíìnì jàre, ká fi àbùdá sílẹ̀ fún ohun tó hàn. Ẹni tó ní jíìnì kì í ṣe Yorùbá, bébà tí a fi ń kọ̀wé náà ọ̀rọ̀ àyálò ni.

Orúkọ jíìnì kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. HGNC, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì èèyàn lórúkọ, ṣàlàyé nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé àwọn ti sọ SEPT1 di SEPTIN1, MARCH1 di MARCHF1, torí pé Excel, ètò kọ̀ńpútà tí wọ́n fi ń to dátà, ń sọ àwọn orúkọ yẹn di ọjọ́ inú oṣù, ó sì ń ba dátà àwọn èèyàn jẹ́. Tá a bá wá ń túmọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó máa rí wọn wá mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni "àléébù" fún mutation, ìyẹn ìyípadà inú DNA, èròjà inú ara tí jíìnì wà nínú ẹ̀. Àléébù ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyípadà inú DNA ni kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, gbogbo wa la sì ní in lára. Lọ́dún 2015, ACMG àti AMP, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ní ká yé lo mutation àti polymorphism (orúkọ tí wọ́n ń pe ìyípadà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn èèyàn), ká máa lo variant, ká wá sọ ipò tó wà: èyí tó ń fa àrùn, èyí tó jọ pé ó ń fà á, èyí tí a ò tíì mọ ibi tó fì sí, èyí tó jọ pé kò léwu, èyí tí kò léwu. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n yẹ DNA ẹ̀ wò, tí èsì ẹ̀ bọ́ sí ti àárín yẹn, tó wá kà á nínú ìwé pé òun ní "àléébù tí a ò tíì mọ ibi tó fì sí". Jìnnìjìnnì á ti bò ó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè má ṣe é ní nǹkan kan láéláé! "Ìyàtọ̀" ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì so ipò ẹ̀ mọ́ ọn.

Ìtàn náà wà ńbẹ̀ o. Annals of Eugenics tí Karl Pearson dá sílẹ̀ ní 1925, jọ́nà àwọn tó gbà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan sàn ju ti àwọn kan lọ ni, irú èrò tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gba agbára àtibímọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kà sí aláléébù láwọn ìlú kan. 1954 ni wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ sí Annals of Human Genetics. Ọ̀rọ̀ àwọn yẹn gan-an lẹ fẹ́ tún gbé lé wa lọ́wọ́ yìí, mi ò gbà.

Retraction náà, ìyẹn kí jọ́nà kéde pé pépà tí wọ́n ti gbé jáde kò ṣeé gbára lé mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "ìfàsẹ́yìn". Ìfàsẹ́yìn ni nǹkan tó bá èèyàn láìròtẹ́lẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò fi lọ síwájú. Ẹni tó ní "ìyọkúrò" náà ò tíì bá a, torí COPE, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nídìí jọ́nà, ní kí pépà tí wọ́n bá ṣe báyẹn sí wà níbi tó wà, kí wọ́n kàn kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé kò ṣeé gbára lé mọ́, kí wọ́n sì sọ ìdí. A ti ní "ìfagilé" tipẹ́, igi tí wọ́n fà lé ọ̀rọ̀ lórí, tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì ṣeé kà lábẹ́ ẹ̀, ó bá a mu wẹ́kú.

Èyí tó kù tẹ́nìkan ò tíì dárúkọ ni expression of concern, ìkéde tí jọ́nà ń gbé jáde nígbà tí wọ́n ṣì ń wádìí pépà kan lọ́wọ́. Ẹ má kọ "àníyàn" síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣàníyàn ńbẹ̀, òǹkàwé ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. "Ìkìlọ̀ fún òǹkàwé" lèmi mú wá, ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju ìyẹn lọ kó gbé e síta.