Ọmọ oṣù 7, Àbújá sí Ìsánlú: ẹ gbà wá níyànjú

Ìyá Dárà, Leeds: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù Kejìlá yìí la fẹ́ gbé Dárà lọ fi han ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Kò tíì rin ọ̀nà jíjìn nínú mọ́tò rí. Àbújá ni bàálù wa máa balẹ̀ sí lálẹ́. Ọkọ mi ní ká kọjá sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n Kàbbà, Toronto: Ìyàwó wa, Ọ̀kun o. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀! Ẹ sun Àbújá, kí ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Bí tírélà kan bá takú sí Koton Karfe, kí ẹ tó dé Lọ́kọ́ja, ìdajì ọjọ́ lè lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá kúrò ní Lọ́kọ́ja, àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì Obajana lẹ ó jọ máa du ọ̀nà títí dé Kàbbà, kó tó kan Mọpà àti Ìsánlú. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo wa la ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé. Bí ọjọ́ bá ti lọ, ẹ sun Lọ́kọ́ja.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ gbé car seat yín, àga ọmọ inú ọkọ̀, dání láti ibẹ̀. Kí ẹ tó gba ọkọ̀, ẹ ní kí dírẹ́bà ya fọ́tò bẹ́líìtì ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ nílé, aṣọ tí wọ́n fi bo àga ti bo ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀ mọ́lẹ̀. Àga ẹ̀yìn ni kí ẹ dè é mọ́, kí ojú ọmọ kọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Iwájú tí airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) wà, rárá o: bó bá bú, àga ọmọ gan-an ló máa gbá.

Àwọn àgbà tó bá wá pàdé yín á ní kí ẹ gbé ọmọ lé àwọn lẹ́sẹ̀, pé ta ló lo car seat nígbà tiwọn. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí ọmọ wà níbi tó wà. Bí ẹ bá délé, kí wọ́n pọ̀n ọ́n di ọjọ́ kejì.

Kó tó pé wákàtí 2, ẹ dúró, ẹ gbé e jáde, kó na ẹ̀yìn. Ilé epo tí èrò wà ni kí ẹ yà sí, kì í ṣe inú igbó.

Bàbá Tọ́lá, Dublin: Tí kì í bá ṣe ọmú nìkan ló ń mu ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Houston: Omi tó hó nínú fúláàsì, mílíìkì lọ́tọ̀, ìgbà tó bá fẹ́ mu ni kí wọ́n tó pò ó. Kó má ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó. Pure water tí wọn ò sè, ẹ má fi po mílíìkì ọmọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀.

Àǹtí Ẹ̀gbẹ̀, London: Oògùn tó ń dènà ibà náà o! Ẹ rí dókítà ṣáájú; ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Malarone wà fún ọmọ tó bá ti tó kìlógíráàmù 5. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì kékeré dání, àti ìpara, torí ọyẹ́ á máa fẹ́.

Ìyá Dárà, Leeds: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ti kà á, ó ti gbà pé a ó sun Àbújá. Ṣé a ó rí páḿpásì rà ní Kàbbà?

Ẹ̀gbọ́n Kàbbà, Toronto: Ó pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ tí èyí tí kò mọ́ ọn lára bá máa ń mú kí ìdí rẹ̀ pọ́n, tiyín ni kí ẹ dì wá.