Mo dúró lórí "àhunkì": èsì lórí orúkọ àwọn ẹranko tí a ń fi wúùlù ṣe

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ìbéèrè tí àbúrò wa obìnrin tó ń gbé ní Houston gbé sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ọmọ òun bi òun léèrè pé kí ni Yorùbá ń pe àwọn ẹranko kéékèèké tí òun ń fi wúùlù ṣe nílé, tí òun ń ki òwú sí nínú. Àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní amigurumi, orúkọ yẹn náà sì ni àwọn tó ń ṣe é káàkiri ayé ń lò. Àbúrò wa ò mọ ohun tí òun máa dá ọmọ lóhùn. Láti ìgbà náà, orúkọ mẹ́rin la ti rí gbà: "bèbí kóróṣè", "ọmọlangidi olówùú", "ẹranko ìṣeré afìkọ́hun", àti "àhunkì" tí èmi dá lábàá, ìyẹn ohun tí a hun, tí a sì ki nǹkan sí nínú. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn kọ̀wé pé "hun" kò bá iṣẹ́ yìí mu rárá. Bàbá wa olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ sì ní "kì" ló ń kọ àwọn lóminú. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, orí "àhunkì" náà ni mo ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ó jọ pé àwọn kan nínú wa ń sọ ohun tí wọn ò tíì rí lórúkọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ìjàpá kan lójú mi ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Wúùlù tí àwọn onídìrí ń lò ló rà, aláwọ̀ ewé. Ìkọ́ kóróṣè tó fi ń hun ún jẹ́ mílímítà 3. Ó yí òwú mọ́ ìka, ó fa ojú mẹ́fà, ìyẹn kókó kéékèèké tí ìkọ́ ń fà, sínú òrùka tó ṣe náà, ó wá fa ìdí òwú, òrùka sì pa ẹnu dé. Láti ibẹ̀ ló ti ń yí po, kò dúró, kò sì yíjú padà: 6 di 12, 12 di 18, 18 di 24, 24 di 30. Ó ń kà á sẹ́nu bí ẹni tó ń ka owó ọjà. Nígbà tó dé 30, kò fi kankan kún un mọ́. Ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí wálẹ̀, ó di igbá kékeré. Ìkarahun ìjàpá dé nìyẹn.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń fi ìkọ́ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ hun òwú tó nípọn. Ó ní, "Àǹtí, bí ìkọ́ bá tóbi, ojú á yà, ẹ̀gbọ̀n òwú á máa yọ síta." Ó ti tú ìrọ̀rí àtijọ́ kan sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bu ohun tó ń kì sí i. Kì í kì í lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń mú un díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìdí bíírò tì í lọ sí kọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, títí ìjàpá fi lè dá dúró lórí tábìlì.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ. Kíkì ló ń pàṣẹ fún híhun. Torí ohun tó máa wọ inú rẹ̀ ni ojú fi gbọ́dọ̀ há. Bí a bá hun fìlà tàbí síwẹ́tà, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ohun kan á yọ láti inú rẹ̀. Orúkọ tó bá fi kíkì sílẹ̀ ti fi ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìdajì tó ṣe pàtàkì jù.

Ó yá, ká gbé wọn yẹ̀ wò. Mi ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú "kóróṣè" bí orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. Ìkọ́ kékeré ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nínú èdè Faransé, ẹnu wa sì ti mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí lónìí, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kóróṣè, ẹ ó rí i pé irun ni wọ́n máa kó síwájú yín. "Bèbí" ńkọ́? Erin kì í ṣe bèbí, ìjàpá kì í ṣe bèbí.

Ọmọlangidi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ sí àyè rẹ̀. Igi gbígbẹ́ ni. Ìyá mi ní ọ̀kan nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi àkísà ọ̀já gbé e pọ̀n, wọ́n ń fún un lóúnjẹ bí àwọn ìyá wọn ṣe ń fún àbúrò wọn. Ẹnì kan kọ̀wé síbí pé àwọn onígbàgbọ́ á kọ orúkọ náà torí ère. Èmi ò ro ti ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ ènìyàn wà nínú orúkọ náà, igi sì wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wí yìí rọ̀, ó sì jẹ́ ẹranko. Bí ẹnì kan bá fi wúùlù hun ọmọbìnrin tó wọ ìró àti bùbá, mo gbà pé kó pè é ní ọmọlangidi olówùú. Ó bá a mu.

Ti "afìkọ́hun" yìí ni mo fẹ́ ká dúró tì díẹ̀, torí àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun tí à ń dá. Ẹ gbọ́ "a" iwájú yẹn: apẹja, akọ̀wé, ahunṣọ. Olùṣe ni. Afìkọ́hun ni ẹni tó ń fi ìkọ́ hun nǹkan, ìyẹn àbúrò wa ní Houston gan-an, kì í ṣe ìjàpá tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ohun tí wọ́n ṣe, "à" olóhùn ìsàlẹ̀ la ń wá: àjẹkù, àlòkù, àdìrẹ. "Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán" tọ̀nà torí ẹ̀rọ náà ló ń mú ohùn, òun ló ń mú àwòrán. Síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú ìròyìn la ti ń gbọ́ ọ. Nílé, tẹlifíṣọ̀n là ń tàn. Ọmọ ọdún márùn-ún kò ní sọ pé "Mọ́mì, ẹ bá mi mú ẹranko ìṣeré afìkọ́hun mi."

Àdìrẹ ló kọ́ mi ní "àhunkì". À, dì, rẹ: ohun tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró. Ìṣe méjì, wọ́n tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ sì parí. Àhunkì náà rí bẹ́ẹ̀: a hun ún, a kì í. Ẹ wo ti àwọn ará Jàpáànù pẹ̀lú. "Ami" wá láti inú ọ̀rọ̀ tó dúró fún híhun lọ́wọ́, "kurumi" ni ohun tí a fi nǹkan wé. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, "k" á di "g". Wọ́n sì ti ní "nuigurumi" fún èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán. Àwa náà lè ní ìkejì láìwá a lọ jìnnà: téddì tí wọ́n fi aṣọ rán, tí wọ́n sì ki nǹkan sí nínú, á di "àránkì". Ọ̀rọ̀ tó bá lè bí ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n dá a wù mí gan-an ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọmọ Ìṣẹ́yìn, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní kò sí híhun níbi tí kò ti sí òfì, pé òwú gbọ́dọ̀ wà ní títẹ́, kí òmíràn máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé ẹnu ẹni tó jókòó sídìí òfì ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àwọn ará Jàpáànù á gbè yín, torí ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún ti òfì, "oru", ọ̀tọ̀ sì ni "amu" tí wọ́n ń lò fún ti ìkọ́, títí kan apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò pín in bẹ́ẹ̀. À ń hun ẹní, à ń hun agbọ̀n, kò sí òfì nídìí ìkankan. Ká tiẹ̀ wá ní "hun" kò rí bó ṣe yẹ kó rí, ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Kò sí dídì kankan nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn ìyá n'Íbàdàn fi ń ya ẹ̀kọ pákí sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́, wọ́n ṣì ń pè é ní àdìrẹ, kò sì sí ẹni tó bá wọn jà.

Bàbá wa olùkọ́, òótọ́ lẹ sọ. "Kì" kan náà tí à ń lò fún ìbọn àti tábà la ń lò fún oríkì, ẹnìkan sì lè gbọ́ àhunkì kó rò pé a hun ún, a tún kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Èyí ò dùn mí. Bí ẹ bá rí bí ọmọ yẹn ṣe ń pe ìjàpá rẹ̀ ní "Alábahun, ọkọ Yánníbo" bó ṣe ń ki òwú sí i lẹ́sẹ̀, ẹ ó gbà pé méjèèjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ti pé àwọn tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ á kọ "ahunki", tí ẹlòmíràn á sì ka ahun, ẹranko tàbí ahun tí kì í náwó, kò lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ku ti ojú. Èyí ló yẹ ká tètè yanjú, torí ó ti da iṣẹ́ rú. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìlànà erin ránṣẹ́ sí àbúrò wa ní Houston. Erin ti Houston ga lọ réré, ihò wà lára rẹ̀, òwú sì ń yọjú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni: ojú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ẹyọ kan, òun ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní oníméjì. Nígbà tí ìwé Lọ́ńdọ̀nù wá ní oníméjì, èyí kúkurú ló ń wí, èyí tí àbúrò wa sì mọ̀ sí oníméjì ni èyí tó ga. Bí wọ́n bá tún pàṣípààrọ̀ ìlànà, ìrújú náà á wà níbẹ̀. Mo dábàá pé kí a má ṣe túmọ̀ nọ́ńbà àwọn méjèèjì rárá. Ká pè é bó ṣe rí: "ojú kúkurú" fún èyí tí à ń fi ṣe àhunkì, "ojú gíga" fún èyí tó ń là sókè. "Ojú" ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú àwọ̀n là ń wí. Èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "chain", ẹ̀wọ̀n ni ká máa pè é.

Fún ibi tí a ti ń fa méjì jáde láti inú ojú kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní "bí ìbejì". "Ojú kan, kí èyí tó tẹ̀ lé e bí ìbejì," bó ṣe ń kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo gba a lọ́wọ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Fún ibi tí a ti ń so ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan, "dín in" ló ń wí, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí kò sọ bí wọ́n ṣe dín in. Àwọn tó ń hun agbọ̀n gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ fún un nígbà tí wọ́n bá ń pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń hun agbọ̀n nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn.