Ta lẹ̀ ń kí lókè yẹn? Ìrírí wa pẹ̀lú orin rọ́ọ̀kì nínú ìjọ

Onígìtá Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo fẹ́ sọ ọ́ níbí kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín. Ọ̀rọ̀ orin rọ́ọ̀kì tí àwọn Kristẹni ń kọ ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá ti gbé e wọ inú ìjọ, ìjọ á pín sí méjì lójú ẹsẹ̀?

Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ gìtá. Ìjọ kékeré kan là ń lọ, kò jìnnà sí ọjà Ouando. Orin ìwé la máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn, tó bá di àsìkò ìyìn, ìlù àti agogo á wọlé. Nígbà tí mo wà ní lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbátan mi kan gbé orin Petra wá láti Kútọnu nínú káàdì fóònù. Ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan ni wọ́n, 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, àpáta sì ni ìtumọ̀ orúkọ wọn lédè Gíríìkì. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé, Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ orúkọ Jésù níbẹ̀, ara mi sì ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi gbogbo agbára rẹ̀ yin Ọlọ́run báyẹn.

Mo tọ́jú owó títí mo fi ra pẹ́dà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpótí irin kékeré kan ni, ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á ha bí ọ̀fun ẹni tó ti ké láti àná. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta kó ara wa jọ, a bẹ pásítọ̀ títí, ó wá gbà wá láyè orin kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìkórè.

Èmi ni mo kọ orin náà. Mo fi àwọn òyìnbó yẹn ṣe àwòkọ́ṣe, mo wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i: "Ogun tí mò ń jà, Jésù ti jà á." Ohùn orin náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, ó wá fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Petra. Mo tẹ pẹ́dà. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n ń fò, òmíràn ń da omijé. Lápá ọ̀tún níbi tí àwọn ìyá ìjọ ń jókòó, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún fi ìborùn di Bíbélì rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí a fi ṣe tán.

Inú bí mi gan-an. Mo gbà pé ariwo ló lé e jáde. Lẹ́yìn ìsìn mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, mo fẹ́ sọ pé a ó dín in kù nígbà mìíràn. Kò tiẹ̀ dárúkọ ariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ta lẹ̀ ń kí lókè yẹn?"

Mo ní, "Jésù ni, Màmá."

Ó ní, "Ògún ni mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lo pè é."

Ó wá sọ fún mi pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá òun, pé ojúbọ Ògún wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Lọ́jọ́ tí òun ṣèrìbọmi ni bàbá òun ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ òun, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ohun tí mo fi sílẹ̀ kí n tó wọ inú ilé yìí, ìwọ kọ́ lo máa tún kọ ọ́ lórin fún mi níbí."

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé gìtá tì, mo fẹnu lásán kọ orin náà sínú fóònù, mo wá gbọ́ ọ padà. Màmá ò purọ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, dọ́gbadọ́gba ni "ogun" ń jáde lẹ́nu wa. Orin mi ló tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ tó gbé ìparí rẹ̀ sókè. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbọ́ ọ torí pé gìtá ni etí wọn wà. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an ò gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa orin yìí. Ní Amẹ́ríkà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ìjà náà gbóná ju tiwa lọ. Larry Norman gbé àwo rọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde ní 1969, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ olórin Stryper dé ní ọdún 1980 sí òkè, aṣọ dúdú àti yẹ́lò onílà lára wọn, irun wọn gùn bíi tobìnrin, wọ́n ń ju Májẹ̀mú Tuntun sáàárín èrò. Aísáyà 53:5 ni wọ́n ń tọ́ka sí fún orúkọ wọn, "nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá"; "stripes" ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì pe ìnà náà. Síbẹ̀ Jimmy Swaggart, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, kọ odindi ìwé ní 1987 láti fi ta ko irú orin bẹ́ẹ̀, ó pè é ní ìkookò tó fi awọ àgùntàn bora.

Ohun tó mú mi dúró ni pé ìbátan Jerry Lee Lewis ni Swaggart. Ìlú kan náà, Ferriday ní Louisiana, ni wọ́n ti dàgbà, àwọn méjèèjì sì ń tẹ dùùrù. Jerry Lee di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin rọ́ọ̀kì, Swaggart di oníwàásù. Ẹni tí ohùn yẹn wà nínú ẹbí rẹ̀, tó mọ gbogbo ibi tí ohùn yẹn gbé ìbátan rẹ̀ lọ, ṣé a lè ní kó gbọ́ ọ bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ń gbọ́ ọ? Èrò mi rèé: etí ń rántí. Ẹni tí kò ní ohun kan tó máa rántí ló ń jó, ẹni tó ń rántí ló ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ìdèná, Kétu

Àbúrò, o káre. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn wọ̀ mí lára.

Onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni bàbá mi nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ni wọ́n ń gbé ìyá ìlù fún. Nígbà tó di Kátólíìkì, katikíìsì tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé ìlù ò gbọdọ̀ tẹ̀lé e wọlé. Ó gbé e kọ́ sára ògiri yàrá, kò lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá mi sọ fún wa pé bó bá ń jókòó nínú Máàsì, ìka rẹ̀ máa ń lu orúnkún rẹ̀ láìmọ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Róòmù láti 1962 sí 1965, àyè ṣí sílẹ̀ fún èdè àti ìlù ìbílẹ̀. Fàdá tuntun kan wá bá bàbá mi nílé, ó ní kó gbé ìlù bọ̀. Mo ṣì kéré, mo rí i tó sọ ìlù yẹn kalẹ̀, tó ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ wàyí o. Nígbà tí ọmọ tèmi dàgbà tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé gìtá àti ìlù òyìnbó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló kọ́kọ́ dìde pé kò sí ohun tó jọ ọ́? Bàbá mi ni. Bàbá mi tí wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀! Ó dùn mí débi pé mo bá a jà, èmi tí n kì í gbójú sókè wò ó. Mo ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n ṣe fún yín lẹ̀ ń ṣe fún ọmọ yìí." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Ìlù tèmi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá lù ú, ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí mo wí. Jẹ́ kó sọ ohun tí gìtá tirẹ̀ ń wí fún mi."

Ọmọ mi ò rí i fèsì. Èmi náà ò tíì rí i fèsì.

Omi Òkè, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀.

Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì Abomey-Calavi. Mo wálé wá sin ín sí Ṣábẹ̀ẹ́, gbogbo èèyàn ń kọ orin ìtùnú tó rọra ń lọ, "má sunkún mọ́, má sunkún mọ́." Mo fẹ́ sunkún. Mo gòkè lọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, mo fi ohun ìgbọ́rìn sí etí, mo gbọ́ àwọn Skillet, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Kristẹni kan. Ọkùnrin kan ń ké sí Ọlọ́run bí ẹni tí wọ́n jó nílé. Ìgbà yẹn ni èmi náà ké. Ìgbà yẹn ni mo tó gbàdúrà láti ọjọ́ tó ti kú. Àǹtí mi wá mi débẹ̀, ó gbọ́ ohùn tó ń jáde létí mi, ó sáré lọ bá wọn nílé pé mo ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbàdúrà lé mi lórí.

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n, ohun tí gìtá ń wí nìyẹn: igbe ni. Igbe kì í ṣe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ò ní ju ìyẹn lọ, ìyá rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn tó ń sọ pé ilé ọtí ni ohùn yìí ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wádìí Sister Rosetta Tharpe. Obìnrin dúdú ni, ní Arkansas ni wọ́n bí i ní 1915. Inú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ajíhìnrere, ló ti kọ́ gìtá láti kékeré. Ní 1938 ló gbé orin ìjọ lọ sí ilé ijó Cotton Club ní New York, inú sì bí àwọn ará ìjọ sí i. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì bí Elvis Presley gbọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó di nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀ṣì ni apá kan ohùn yẹn ti jáde lọ. Ìgbà tó ń padà bọ̀ wálé ni wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìyá Aláṣọ Funfun, Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tèmi ò pọ̀. Ìlú wa níbí ni Bàbá Oschoffa ti dá ìjọ wa, Celestial, sílẹ̀ ní 1947. Àwọn èèyàn ti fi agogo wa, ìlù wa àti ẹsẹ̀ lásán wa bú wa rí, nítorí náà ẹnu mi ò gbà á láti bú ẹnikẹ́ni. Ìjọ kan wà lẹ́yìn ògiri ilé mi tí wọ́n ń ta gìtá bẹ́ẹ̀ lóru. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan tí ọmọ mi ń ṣàìsàn, mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ẹni tó ń kọrin yẹn náà ní ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún.

Olùdarí Akọrin, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni wọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ogun" àti "Ògún" yẹn, ẹ má dá rọ́ọ̀kì nìkan lẹ́bi. Àwọn orin ìwé tí mo ti ń darí láti ọdún 1983 ń yí ọ̀rọ̀ wa po bákan náà, nítorí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó wá, wọ́n wá to Yorùbá sí i. Ó ti mọ́ wa lára ni. Ìdí nìyí tí àwọn bí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta fi kọ orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu, tí wọ́n sì gbà á sórí àwo ní London láyé àtijọ́.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Wọ́n pè mí síbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ kan. Nígbà tí onígìtá bọ́ síwájú tó ń dá nìkan ta á, mo di ojú mi, mo wá ohùn àwọn èèyàn inú ilé. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Bíi igba èèyàn ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn gbé fóònù sókè, ẹnu wọn dákẹ́. Inú orin ìwé tí ẹ̀ ń pè ní tàwọn arúgbó, afọ́jú ń kọ ọ́, ẹni tí kò mọ̀wé ń kọ ọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ò dára fara pamọ́ sínú ohùn ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wa, kí ni ìjọ tún fi ń jẹ́ ìjọ?

Onígìtá Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí, n ò ní jiyàn. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ sọ yẹn, èmi náà ti dúró níwájú rẹ̀ rí, mo rò pé ọlá ni. Omi Òkè, kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ lára.

Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ mi níkọ̀kọ̀ ohun tí orin yẹn dà. Mo tún un ṣe. Oṣù méjì ló gbà mí. Mo tẹ́ "ogun" sílẹ̀ dọ́gba, mo wá jẹ́ kí orin gòkè lórí "Jésù" níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ti ń gòkè. Mo mú gìtá lọ sílé Màmá lọ́jọ́ Sátidé kan, mi ò so ó mọ́ iná. Mo kọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un kọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbè é, ohùn rẹ̀ tínrín bí òwú, ó sì gbá a mú láìtàsé.

Nígbà tí a kọ ọ́ nínú ìjọ, mo ń wò ó. Kò dìde níbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ pẹ́dà, ó mi orí, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ọkàn mi já. Ó kúrò lórí àga iwájú, ó rìn lọ sí ìlà tó kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń mì.