Àǹtí mi tó ti ní rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ láti kékeré: ibo la ti fẹ́ rí ìtọ́jú fún wọn ní London?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich: Ẹ kú ilé o. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú àǹtí mi láti kékeré, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ níbí, ṣùgbọ́n báyìí ẹsẹ̀ tó dáa gan-an ti ń kó àárẹ̀, àtẹ̀gùn ò ṣeé gùn mọ́. Ẹ̀ka àgbà ní council ní ká lọ bá ẹ̀ka aláàbọ̀ ara, àwọn yẹn náà dá wa padà. Ó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Háà, ẹ má jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn lọ o! Ẹ pe DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́, lónìí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ PIP, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè dá nǹkan ṣe dáadáa. Tí ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn bá ti kọjá, Attendance Allowance, owó ìrànwọ́ àwọn tó ti dàgbà, ló kù, ìyẹn ò sì ní owó ìrìnnà nínú rárá. Ẹni tó bá ti wà lórí PIP ṣáájú lè máa gbà á lọ.

Bọ̀dá Manchester: Òótọ́ ni. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ assessment, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò nítorí PIP o, torí "a dúpẹ́" ló pa bàbá mi lára. Wọ́n bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè wẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ní "mo lè wẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run", wọn ò sọ pé wákàtí kan gbáko ni, wọn ò sọ pé àwọn ti ṣubú ní bathroom lẹ́ẹ̀mejì. Máàkì òdo ni wọ́n fún wọn níbẹ̀, ó dùn mí wọra. Ohun tí òfin PIP ń wò ni pé ṣé ó ṣeé ṣe láìséwu, dáadáa, léraléra, láì pẹ́ jù. Ẹ máa kọ ohun tójú wọn ń rí lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich: Àǹtí mi gan-an nìyẹn! Wọ́n ní àwọn ò tọrọ báárà.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀tọ́ wọn ni, PIP ò tiẹ̀ bèèrè iye tó wà ní báńkì. Ní ti council, ẹ fi email béèrè needs assessment, àyẹ̀wò ohun tí wọ́n nílò, lábẹ́ òfin ìtọ́jú tó ń jẹ́ Care Act 2014, ọ̀ràn ẹ̀ka wo ló ni wọ́n, àárín ara wọn ni kí wọ́n ti yanjú ẹ̀. Ẹ béèrè carer's assessment, àyẹ̀wò ti ẹni tó ń tọ́jú wọn, fún ìwọ náà, àti occupational therapist, ẹni tó ń wo bí ilé ṣe máa rọrùn fún wọn, nítorí àtẹ̀gùn: àtúnṣe kékeré tí ò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ni ní England. Kí GP, dókítà wọn, náà gbọ́ "post-polio syndrome" lẹ́nu yín, ìyẹn àárẹ̀ tó máa ń dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sára ẹni tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú rí, kí wọ́n má kàn sọ pé ọjọ́ ogbó ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Woolwich: Mo ti pe DWP láàárọ̀ yìí, fọ́ọ̀mù ń bọ̀. Ẹ ṣé gan-an ni.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Kọ déètì òní sílẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè ni wọ́n á ti ka owó. Oṣù kan ni wọ́n fi sílẹ̀ láti dá fọ́ọ̀mù padà.