Kí la lè pe ìlà gbọọrọ inú pákó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin káfíńtà Iléṣà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè wa dáadáa. Ìwé kékeré la ń kọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Òpó àti àtẹ́rígbà ò nira. Kòtò gbọọrọ tí a gbẹ́ sára pákó, a pè é ní poro, torí ó jọ poro àárín ebè.

Ìlà tó gba inú igi láti ìdí dé orí ló kù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kan ìṣó méjì sójú ìlà kan náà nítòsí etí pákó, pákó á sì là gbọọrọ. Kí ó fi òòlù lu ṣóńṣó ìṣó kó kújú díẹ̀, tàbí kó kọ́kọ́ dá ihò tó tín-ín-rín ju ìṣó lọ.

“Iṣan igi” ń kọ́? Àbí ó máa dàrú mọ́ iṣan ewé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.