Aspirin kì í bomi la ẹ̀jẹ̀: orúkọ wo ló yẹ ẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé kí á máa pe aspirin, clopidogrel àti ticagrelor, ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n ń tètè fún ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nílé ìwòsàn, ní "oògùn amẹ́jẹ̀ṣàn", bíi pé ńṣe ni wọ́n ń bomi la ẹ̀jẹ̀ tó ki kó lè ṣàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ẹnu sì tètè gbà á. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.

Ohun tó bá ki là ń bomi là kó lè ṣàn. Aspirin kò bu omi sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe máa ki. Ara platelet niṣẹ́ rẹ̀ wà, àwọn ẹyọ wínníwínní tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tó máa ń sáré lọ bo ojú ọgbẹ́. Bí ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn bá bẹ́, ojú ọgbẹ́ ni platelet kà á sí. Wọn á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọn á ránṣẹ́ pe àwọn yòókù, wọn á ṣùpọ̀. Orí ìṣù yẹn ni ẹ̀jẹ̀ á ti máa dì, títí iṣan náà á fi dí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, torí èdè wa ti ṣiṣẹ́ náà fún wa. Platelet ló ń ṣù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dì. Iṣan ló ń dí. Bí a bá kọ "dì" àti "dí" láìfi àmì ohùn sí i, a ti fi àìsàn àti ohun tó fà á ṣe ọ̀kan.

Ohun tí mo fara mọ́ ni "oògùn adẹ́kun-ìṣùpọ̀". Mo kọ́kọ́ ro "adènà-ìṣùpọ̀", mo sì pa á tì: etí tó bá gbọ́ "dènà" lè máa rò pé oògùn ló ń dí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó dí gan-an ni wàhálà aláìsàn. "Dẹ́kun" tún bá òtítọ́ mu. Platelet tí aspirin bá ti mú kò ní lè pe àwọn yòókù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ títí yóò fi kú, ìyẹn bí ọjọ́ 7 sí 10.

Àwọn kan á ní kí la wá ń fa irun tín-ín-rín yìí sí, ṣebí gbogbo wọn ni oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì. Ẹ wo ìwádìí ISIS-2 tó jáde ní 1988. Aláìsàn 17,187 tí wọ́n fura sí pé ìkọlù ọkàn mú, láti ilé ìwòsàn 417, ló kópa. Àwọn kan gba aspirin, àwọn kan gba streptokinase tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan ò gba ìkankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, aspirin nìkan dín ikú tí àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fà kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, streptokinase nìkan dín in kù ní 25, àpapọ̀ wọn sì dín in kù ní 42. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni èrè ọ̀kan fi lé orí èrè èkejì. "Amẹ́jẹ̀ṣàn" gbé méjèèjì mì pọ̀. Mo fẹ́ kí streptokinase máa jẹ́ "oògùn atúdídì", torí ohun tí a bá dì là ń tú.

Àbúrò wa tó túmọ̀ ìtọ́ni lórí bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní aspirin kọ "kí wọ́n fún un ní kùtùkùtù". Kùtùkùtù àárọ̀ ni ẹni tó bá ń kà á á gbọ́! Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn ní aago méjì ọ̀sán ńkọ́? "Lójú ẹsẹ̀" ni kí á kọ. Ó tún kọ "kó gbé aspirin mì". Rárá o. Bí kò bá sí ohun tó kà á léèwọ̀ fún aláìsàn, ńṣe ni wọ́n ń ní kó rún un lẹ́nu kó tó gbé e mì, iye tó sábà máa ń wà láàárín 150 sí 325 mílígíráàmù, nítorí èyí tí a rún máa ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. "Rún un" yìí lè pinnu bí oògùn yóò ṣe tètè débẹ̀.

Orúkọ tí à bá pe ìwọ̀n oògùn àkọ́kọ́, èyí tó máa ń pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ, ló ṣì ń dà mí láàmú. Clopidogrel máa ń jẹ́ 300 tàbí 600 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà 75 lójúmọ́. "Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀" kò tọ́, torí ó ń dún bíi pé díẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀ tí a óò wá máa fi kún un. "Àkọ́lò ńlá" ni mò ń lò ní tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.